A Kì í Fi Orúkọ Pe Àgbà: Báwo Ni Àwọn Ará Kíláàsì Ìjọ Yóò Ṣe Mọ Orúkọ Ara Wọn?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé ni à ń wò kí á tó sọ ọmọ lórúkọ. Ọ̀rọ̀ náà jinlẹ̀, nítorí pé ó fi hàn pé orúkọ kì í ṣe àmì lásán tí a fi ń ya ẹnì kan sọ́tọ̀ lára ẹlòmíràn. Ìtàn ilé ni, àdúrà ni, ìrántí ni. Ṣùgbọ́n ohun ìyanu kan wà nínú àṣà wa: àwa tí a mọ iyì orúkọ tó bẹ́ẹ̀ ni a tún máa ń fi í pamọ́ jù. Bí ọmọ bá dàgbà tán tí ó di bàbá tàbí ìyá, orúkọ tí gbogbo ẹbí péjọ sọ ọ́ ní ọjọ́ kẹjọ a bẹ̀rẹ̀ sí í parẹ́ díẹ̀díẹ̀ lẹ́nu àwọn ènìyàn. Bàbá Ṣọlá ni a ó máa pè é, tàbí Ìyá Kẹ́hìndé, títí ọjọ́ alẹ́ yóò fi lé e bá.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti hàn gbangba lóde òní ni inú kíláàsì ìjọ. Bí ènìyàn bá wọ ilé ìjọsìn ní Ìkógòsì-Èkìtì ní òwúrọ̀ Ọjọ́ Ìsinmi, kí ìsìn ńlá tó bẹ̀rẹ̀, yóò rí àwọn àgbàlagbà tí wọ́n jókòó ní ọ̀wọ́ọ̀wọ́, tí wọ́n ṣí Bíbélì sórí itan. Bákan náà ni yóò rí i ní Erìjiyàn, ní Àrámọkọ, ní Ìjerò àti ní Ẹ̀fọ̀n-Aláayè. Kí ó fara balẹ̀ tẹ́tí sí bí wọ́n ṣe ń pe ara wọn. Yóò gbọ́ Màmá Tósìn, Bàbá Olùkọ́, Ìyá Oníbúrẹ́dì, Bọ̀dá Káfíńtà, Àǹtí Nọ́ọ̀sì. Nínú wọn ni a ti rí àwọn tí wọ́n ti jókòó ti ara wọn fún ogún ọdún. Wọ́n ti jọ ṣe ìkórè, wọ́n ti jọ sin òkú, wọ́n ti jọ wọ aṣọ ẹbí kan náà. Ṣùgbọ́n bí a bá bi Màmá Tósìn ní orúkọ àbísọ ẹni tí ó jókòó tì í, ó ṣeé ṣe kí ó wo òkè, kí ó wo ilẹ̀, kí ó sì kàn rẹ́rìn-ín.

Ìbéèrè tí ó yẹ kí á wádìí ni èyí: ní ilẹ̀ tí ọmọdé kì í ti í fi orúkọ pe àgbà, tí ìyàwó kì í sì í dárúkọ ọkọ, ọ̀nà wo ni aṣáájú kíláàsì lè gbà tí àwọn ènìyàn rẹ̀ yóò fi mọ orúkọ ara wọn, tí àṣà kò sì ní bàjẹ́?

EWU TÍ Ó WÀ NÍNÚ ÀÌMỌ ORÚKỌ

Ẹlòmíràn lè sọ pé kí ni ó burú níbẹ̀. Ṣé ẹni tí a ń pè ní Màmá Tósìn kò ha ń dáhùn ni? Òótọ́ ni pé ó ń dáhùn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á fi àpẹẹrẹ kan yẹ ọ̀rọ̀ náà wò. Ká ní àìsàn gbé ìyá yìí dé ọsibítù ní Adó-Èkìtì. Àwọn ará kíláàsì dá owó jọ, wọ́n se ọbẹ̀, wọ́n wọ ọkọ̀, wọ́n lọ bẹ̀ ẹ́ wò. Nọ́ọ̀sì béèrè orúkọ aláìsàn tí wọ́n wá wò. Wọ́n ní Màmá Tósìn ni. Nọ́ọ̀sì yẹ ìwé wò lókè nílẹ̀, kò rí Màmá Tósìn kankan, nítorí pé orúkọ tí bàbá ìyá náà sọ ọ́ àti orúkọ ilé ọkọ rẹ̀ ni a kọ sórí káàdì. Wọ́n yọ fóònù, wọ́n wo inú rẹ̀. Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ náà ni Màmá Tósìn Ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn tí wọ́n ti jọ gbàdúrà pẹ̀lú obìnrin yìí láti ìgbà tí Tósìn ti wà ní ọmọ ọwọ́ wá dúró sí ẹnu ọ̀nà wọ́ọ̀dù bí àlejò.

Èyí tí ó tún burú ju ìyẹn lọ ni ti ọjọ́ ikú. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó jẹ́ pé ara pósítà ìsìnkú tí a lẹ̀ mọ́ ògiri ni àwọn ará kíláàsì wọn ti kọ́kọ́ ka orúkọ wọn. Wọn a dúró níwájú àwòrán náà, wọn a ní, “Háà, ṣé Adéfúnkẹ́ ni orúkọ màmá yìí!” Orúkọ tí ó dára, tí ó ní ìtumọ̀, tí ẹni tí ó ni ín ìbá fẹ́ gbọ́ nígbà ayé rẹ̀, kò dé etí rẹ̀ láti ẹnu àwọn ará rẹ̀. Òkú kì í jẹ́ ìpè. Ó ti pẹ́ jù.

A sì tún rí àwọn tí kò sí lórí ibùsùn àìsàn, tí wọn kò sì kú, ṣùgbọ́n tí wọ́n rọra yẹra fún ìjọ. Àlejò tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé ìlú, olùkọ́ tí ìjọba gbé wá, àgùnbánirọ̀ tí yóò lo ọdún kan péré. Wọ́n wá lẹ́ẹ̀mẹta, kò sí ẹni tí ó mọ orúkọ wọn, kò sì sí ẹni tí ó mọ̀ nígbà tí wọn kò wá mọ́. Ẹni tí a kò mọ orúkọ rẹ̀, a kò lè béèrè rẹ̀.

BÍ KÍLÁÀSÌ ṢE DÉ Ọ̀DỌ̀ WA

Ó yẹ kí á rántí pé ìdí tí a fi dá kíláàsì sílẹ̀ gan-an ni kí àwọn ènìyàn lè mọ ara wọn. Ní oṣù kejì ọdún 1742, ní ìlú Bristol ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ọmọlẹ́yìn John Wesley ń wá ọ̀nà tí wọn yóò fi san gbèsè ilé ìpàdé wọn. Wọ́n fi ẹnu kò sí i pé kí ẹnì kọ̀ọ̀kan máa san pẹ́nì kan lọ́sẹ̀. Nígbà tí àwọn kan ní àwọn tálákà kò ní rí i san, ẹnì kan dìde, ó ní kí wọ́n fi ènìyàn mọ́kànlá sábẹ́ òun. Òun yóò máa lọ sí ilé wọn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, èyí tí wọn kò bá sì rí san, òun yóò fi tòun kún un. Báyìí ni ọ̀rọ̀ gbèsè ṣe di ọ̀rọ̀ ìbẹ̀wò. Bí aṣáájú ti ń lọ láti ojúlé dé ojúlé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í mọ ẹni tí ń ṣàìsàn, ẹni tí ń bá ìyàwó rẹ̀ jà, àti ẹni tí kò rí oúnjẹ jẹ. Wesley rí i pé èrè tí ó wà nínú mímọ ènìyàn ju pẹ́nì lọ.

Ní ọdún 1780, Robert Raikes bẹ̀rẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi fún àwọn ọmọ tálákà ní ìlú Gloucester. Nígbà tí Thomas Birch Freeman ti ìjọ Mẹ́tọ́díìsì gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì ní ọdún 1842, tí Henry Townsend ti ìjọ C.M.S. wọ Abẹ́òkúta ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1843, tí Thomas Jefferson Bowen ti ìjọ Onítẹ̀bọmi sì tẹ̀ lé wọn dé ní ọdún 1850, àwọn àṣà méjèèjì yìí ni wọ́n bá ìgbàgbọ́ wọ ilẹ̀ wa. Àwọn àgbà ìjọ ṣì rántí owó kíláàsì, èyí tí wọ́n fi ń gbọ́ bùkátà ìjọ. Owó ni ọ̀pọ̀ ènìyàn rántí. Wọ́n ti gbàgbé pé ẹni tí ń gba owó náà gbọ́dọ̀ mọ ilé, kí ó mọ orúkọ, kí ó sì mọ ipò tí ẹni tí ń san án wà.

Ìkógòsì pàápàá ní ìpín tirẹ̀ nínú ìtàn yìí. Ìsun omi gbígbóná àti ìsun omi tútù tí ó wà níbẹ̀ ni ó sọ ìlú náà di olókìkí. Ní ọdún 1952, gẹ́gẹ́ bí ìtàn tí a máa ń gbọ́, míṣọ́nnárì ìjọ Onítẹ̀bọmi kan láti Amẹ́ríkà, John McGee, bẹ̀rẹ̀ sí í tún àyíká ìsun náà ṣe fún ìpàgọ́ àwọn ọ̀dọ́ ìjọ. Láti ìgbà náà ni àwọn ọmọ ìjọ ti ń ti ìlú oríṣiríṣi wá pàdé níbẹ̀, tí ẹnì kan kò mọ ẹnì kejì ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Àwọn kan a máa sọ ìtàn pé ìyàwó ọdẹ kan ni omi méjèèjì, ìyáálé àti ìyàwó, tí wọ́n di omi. Ẹni tí ó bá tẹ́tí sí ìtàn náà dáadáa yóò ṣàkíyèsí nǹkan kan: ìyáálé àti ìyàwó ni a sábà máa ń pè wọ́n, a kì í sábà gbọ́ orúkọ wọn. Inú ìtàn náà kan náà ni a ti rí àṣà tí à ń sọ yìí.

ÌDÍ TÍ A FI Ń FI ORÚKỌ PAMỌ́

Kí á má ṣe rò pé àṣà yìí jẹ́ ti òmùgọ̀. Ó ní ìdí pàtàkì mẹ́ta, ó kéré tán.

Ìdí kìn-ín-ní ni ọ̀wọ̀. Ẹni tí ó bí ènìyàn tàbí tí ó jù ú lọ ni ó lẹ́tọ̀ọ́ láti la orúkọ rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹgbẹ́ ẹni náà lè pè é. Ṣùgbọ́n bí ọmọdé bá pe àgbà ní orúkọ, ojú àfojúdi ni a fi ń wò ó. Àwọn ọba wa pàápàá fi èyí hàn. Bí ọmọ ọba bá ti gorí oyè ní Àrámọkọ, ó di Alárá. Ní Ìjerò, ó di Ajerò. Ní Ẹ̀fọ̀n, ó di Aláayè. Orúkọ tí ìyá rẹ̀ fi pè é wá jẹun ní kékeré kò yẹ lẹ́nu ará ìlú mọ́.

Ìdí kejì ni ti ìyàwó ilé. Obìnrin tí ó bá wọ ilé ọkọ kò gbọdọ̀ fi orúkọ pe ẹnikẹ́ni tí a ti bí sínú ilé náà ṣáájú rẹ̀, ìbáà ṣe ọmọ ọdún mẹ́ta. Ọkọ ni gbogbo wọn jẹ́ fún un. Nítorí náà ni ó fi máa ń fi ọgbọ́n sọ wọ́n ní orúkọ: Ìbàdíàrán, Eyínafẹ́, Adúmáadán, Òpẹ́lẹ́ńgẹ́, Akọ̀wé. Orúkọ wọ̀nyí dùn, ìfẹ́ sì wà nínú wọn. Ṣùgbọ́n obìnrin náà fúnra rẹ̀ ń kọ́? “Ìyàwó” ni wọ́n ń pè é títí ó fi bímọ; láti ọjọ́ tí ó bímọ, orúkọ ọmọ ni ó fi ń jẹ́ ìpè. Bí ilé ọkọ rẹ̀ bá jìnnà sí ìlú rẹ̀, ó lè lo ọgbọ̀n ọdún láìgbọ́ orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́, àfi bí ó bá lọ sí ilé.

Ìdí kẹta ni ìbẹ̀rù. Láyé àtijọ́, àwọn ènìyàn gbàgbọ́ pé ẹni tí ó bá mọ orúkọ ènìyàn àti orúkọ ìyá rẹ̀ lè fi pè é sí búburú. Bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn orúkọ méjèèjì yìí kan náà ni a fi ń ṣe ìwúre fún ènìyàn. Ọ̀bẹ tí a fi ń gé iṣu lè gé ọwọ́. Ìdí nìyẹn tí àwọn àgbà kì í fi í fi orúkọ ṣeré níwájú ẹni tí wọn kò mọ̀.

ORÚKỌ TÍ ÌGBÀGBỌ́ MÚ WÁ

Ìgbàgbọ́ tún fi tirẹ̀ kún un. Àpẹẹrẹ tí gbogbo ènìyàn mọ̀ ni Àjàyí, ọmọ Òṣoògùn, tí ogun kó ní ọdún 1821, tí a dá sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú ní ọdún 1822, tí a sì sàmì sí ní ọdún 1825 pẹ̀lú orúkọ àlùfáà Gẹ̀ẹ́sì kan, Samuel Crowther. Nígbà tí ó di bíṣọ́ọ̀bù ní ọdún 1864, orúkọ tuntun náà ti gbajúmọ̀ ní gbogbo ayé. Ṣùgbọ́n Àjàyí kò kúrò lára rẹ̀. Kò sì lè kúrò, nítorí pé orúkọ àmútọ̀runwá ni: ọmọ tí ó bá dojú bolẹ̀ wá sáyé ni à ń pè bẹ́ẹ̀, kò sì sí omi tí a lè fi wẹ ìyẹn nù.

Àwọn mìíràn wà tí wọ́n yí ẹ̀yìn padà sí orúkọ òyìnbó. David Brown Vincent, tí a bí ní ọdún 1860, tí ó sì wà lára àwọn aṣáájú ìjọ Onítẹ̀bọmi ti ọmọ ìbílẹ̀ ní Èkó láti ọdún 1888, pa orúkọ náà tì ní ọdún 1894, ó sì di Mọ́jọlà Àgbébí. Ó rí i pé ẹ̀sìn Kírísítì kò béèrè pé kí ènìyàn sọ orúkọ bàbá rẹ̀ nù.

Ní agbègbè Ìkógòsì, ìsọjí ọdún 1930 ni ó mi ọ̀rọ̀ orúkọ jìgìjìgì. Joseph Ayọ̀ Babalọlá bẹ̀rẹ̀ ìsọjí náà ní Òkè-Ooyè ní Iléṣà, ó sì wọ Ẹ̀fọ̀n-Aláayè lẹ́yìn náà. Ẹ̀fọ̀n yìí kan náà ni a sin ín sí nígbà tí ó kú ní ọdún 1959. Bí àwọn ènìyàn ti ń kó oògùn àti òrìṣà jọ tí wọ́n ń sun wọ́n, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìdílé onígbàgbọ́ láti ìgbà náà wá ń pààrọ̀ iwájú orúkọ wọn. Ẹni tí ń jẹ́ Fábùnmi di Olúbùnmi. Ògúnbíyìí di Olúbíyìí. Bẹ́ẹ̀ sì ni Fábùnmi ni orúkọ akọni Òkè-Ìmẹ̀sí tí ó jà fún Èkìtì Parapọ̀ ní ogun Kírìjí, ogun tí wọ́n tọwọ́ bọ ìwé àlàáfíà rẹ̀ ní ọdún 1886. Ìtàn kò gbàgbé rẹ̀, kò sì sí ọmọ Èkìtì tí ojú ń tì láti dárúkọ rẹ̀.

Ìyọrísí gbogbo èyí ni pé ènìyàn kan ṣoṣo lè ní orúkọ mẹ́rin tàbí márùn-ún. Olúbùnmi ni ó wà nínú ìwé ìjọba, Fábùnmi ni àwọn àgbà ilé ń pè é, Samuel ni ó wà nínú ìwé ìsàmì, Bàbá Dáre ni àdúgbò mọ̀, Bọ̀dá Káfíńtà ni ìjọ sì ń pè é. Èwo ni kí aṣáájú kíláàsì kọ sínú ìwé rẹ̀?

MÍMỌ̀ YÀTỌ̀ SÍ PÍPÈ

Kókó ọ̀rọ̀ náà nìyí: mímọ orúkọ yàtọ̀ sí pípe orúkọ. Àṣà wa kò kọ̀ kí á mọ orúkọ àgbà. Ohun tí ó kọ̀ ni kí á máa pè é gàdàgàdà bí ẹni ń pe ewúrẹ́. Kò sí ìyàwó ilé tí kò mọ orúkọ ìyá ọkọ rẹ̀; kò kàn jẹ́ kí ó bọ́ lẹ́nu òun ni. Ọmọ tí kò mọ orúkọ bàbá rẹ̀, òmùgọ̀ ọmọ ni. Ọmọ tí ó sì ń pe bàbá rẹ̀ ní orúkọ, aláìlẹ́kọ̀ọ́ ni. Ààrin àwọn méjèèjì ni ọmọlúàbí dúró sí.

Àṣìṣe tí àwọn ìjọ kan ṣe ni pé wọ́n fẹ́ fi “Brọ̀dá” àti “Sístà” tún ọ̀rọ̀ náà ṣe. Wọ́n ní ọmọ Ọlọ́run ni gbogbo wa, kí ọmọ ogún ọdún pe ẹni àádọ́rin ọdún ní “Brọ̀dá Òjó.” Bàbá náà yóò dáhùn, ṣùgbọ́n nǹkan kan yóò gún un nínú. Ìgbà míràn, kò ní wá sí kíláàsì ní ọ̀sẹ̀ kejì. Bákan náà ni kò yẹ kí aṣáájú mú eré tí àwọn òyìnbó máa ń ṣe, pé kí olúkúlùkù dìde, kí ó pe orúkọ ara rẹ̀ mọ́ orúkọ ẹranko kan tàbí èso kan kí àwọn yòókù má baà gbàgbé. Àwọn ọmọdé lè fi rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n àgbà Èkìtì tí a ní kí ó pe ara rẹ̀ mọ́ ọ̀bọ níwájú ọmọ rẹ̀, ẹ̀rín kọ́ ni yóò rín.

Àwa kò tilẹ̀ nílò irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀. Orúkọ òyìnbó sábà máa ń jẹ́ ohùn lásán létí ẹni tí ń gbọ́ ọ, nítorí náà ni wọ́n fi ń wá nǹkan mìíràn tí wọn yóò so ó mọ́. Orúkọ Yorùbá gbólóhùn ni. Ó ti gbé ìtàn rẹ̀ dání wá. Ẹni tí ó bá gbọ́ ìdí tí a fi sọ ènìyàn ní Ẹ̀kúndayọ̀ kò ní gbàgbé orúkọ náà mọ́.

OHUN TÍ AṢÁÁJÚ KÍLÁÀSÌ LÈ ṢE

Ohun àkọ́kọ́ ni ìtàn orúkọ. Kí aṣáájú ya ìṣẹ́jú mẹ́wàá sọ́tọ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí ènìyàn méjì péré sọ ìtàn orúkọ wọn. Bí kíláàsì bá jẹ́ ènìyàn méjìlá, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni yóò gbà. Kí ó má ṣe kó gbogbo rẹ̀ pọ̀ sí ọjọ́ kan, nítorí pé ohun tí a bá fi ìkánjú gbọ́, ìkánjú náà ni a fi ń gbàgbé rẹ̀. Ẹnì kan yóò sọ pé ìbejì ni àwọn ẹ̀gbọ́n òun, òun sì ni Ìdòwú tí ó tẹ̀ lé ìbejì. Ẹlòmíràn yóò sọ pé ojú ọ̀nà oko ni ìyá òun bí òun sí, òun fi ń jẹ́ Abíọ́nà. Òmíràn yóò ní ọjọ́ tí bàbá òun padà bọ̀ láti àjò ni a bí òun. Ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e, kí aṣáájú bi àwọn yòókù pé: ta ni a bí sí ojú ọ̀nà oko? Gbogbo kíláàsì ni yóò dáhùn.

Ohun kejì ni pé kí ẹlòmíràn ṣe àfihàn àgbà. Kì í yẹ àgbà kí ó máa pe orúkọ ara rẹ̀ káàkiri. Ẹgbẹ́ rẹ̀ tàbí ẹni tí ó jù ú lọ ni kí a ní kí ó ṣe é: “Ẹni tí ẹ ń pè ní Bàbá Olùkọ́ yìí, Ọlátúnjí ni orúkọ rẹ̀. A jọ lọ sí ilé ìwé ni.” Orúkọ ti jáde, ọ̀wọ̀ kò sì sọnù. Àwọn ọmọdé tí wọ́n wà níbẹ̀ ti mọ̀ ọ́n. Wọn yóò ṣì máa pè é ní Bàbá Olùkọ́, tàbí Bàbá Ọlátúnjí bí ó bá fọwọ́ sí i.

Ohun kẹta kan àwọn ìyá. Kí a má ṣe gba Ìyá Tósìn lọ́wọ́ ẹni tí ó fẹ́ràn rẹ̀. Ògo abiyamọ ni orúkọ ọmọ jẹ́. Ṣùgbọ́n kí a fi orúkọ tirẹ̀ gbè é lẹ́sẹ̀. Kí á sì rántí àwọn tí Ọlọ́run kò tíì fún ní ọmọ. Nínú kíláàsì tí gbogbo obìnrin ti ń jẹ́ ìyá ẹnì kan, kí ni a ó máa pe irú obìnrin bẹ́ẹ̀? Wọ́n ti pè é ní “Ìyàwó” títí irun rẹ̀ fi funfun. Fún un, kí á mọ orúkọ tí a bí i bí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwé nìkan; ìtùnú ni.

Ohun kẹrin ni ìwé orúkọ. Kí rẹ́jístà kíláàsì ní àyè fún orúkọ mẹ́ta: orúkọ tí ó wà nínú ìwé ìjọba, orúkọ tí a fi ń pe ènìyàn ní àdúgbò, àti orúkọ tí òun fúnra rẹ̀ fẹ́ kí ìjọ máa pe òun. Kí a kọ ọ́ pẹ̀lú àmì ohùn. Aṣáájú tuntun tí ó bá rí “Oke” lásán kò ní mọ̀ bóyá Òkè ni, èyí tí í ṣe orúkọ ọmọ tí a bí sínú àpò, tàbí orúkọ mìíràn. Bí ó bá pe orúkọ ènìyàn ní ìpèkúpè ní ọjọ́ àkọ́kọ́, gbogbo kíláàsì yóò rẹ́rìn-ín, ẹni náà yóò sì tẹ orí ba. Ṣíṣi ohùn pe orúkọ, sísọ orúkọ náà dà sí ẹlòmíràn ni.

Ohun karùn-ún ni àdúrà. Kí a pín kíláàsì sí méjì méjì, kí olúkúlùkù gbàdúrà fún ẹnì kejì rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ náà. Àwọn baba wa mọ̀ pé níbi ìwúre, a kì í fi orúkọ pamọ́. Orúkọ àti orúkọ ìyá ni a ń dá. Ẹni tí kò lè la orúkọ àgbà mọ́lẹ̀ ní gbangba lè dá a níwájú Ọlọ́run ní ìyẹ̀wù rẹ̀, kò sì sí ẹni tí yóò pè é ní aláfojúdi. Ìwé Mímọ́ náà wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yìí. Nínú Ìhìnrere Jòhánù, orí kẹwàá, olùṣọ́-àgùntàn rere a máa pe àwọn àgùntàn rẹ̀ ní orúkọ. Ní orí ogún ìwé náà, Màríà Magidalénì kò dá Jésù mọ̀ lẹ́bàá ibojì, àfi ìgbà tí ó gbọ́ orúkọ ara rẹ̀ lẹ́nu rẹ̀.

Ohun kẹfà ni ìbẹ̀wò. Kò sí ohun tí ó lè rọ́pò rẹ̀. Ẹni tí a bá dé ilé rẹ̀, tí a jókòó sórí àga rẹ̀, tí a mu omi rẹ̀, tí a gbọ́ bí ìyá rẹ̀ arúgbó ṣe ń pè é láti inú yàrá, orúkọ rẹ̀ kì í fò ní orí ẹni. Aṣáájú ti ọdún 1742 mọ èyí kí ó tó di pé ẹnikẹ́ni kọ ìwé lé e lórí.

ÌKÌLỌ̀ DÍẸ̀

Kí aṣáájú fi ọgbọ́n ṣe é, nítorí pé gbogbo orúkọ kọ́ ni ó dùn láti sọ ìtàn rẹ̀. Màlọmọ́, Dúrójayé, Kòsọ́kọ́, Kúkọ̀yí, Rótìmí: ẹkún ìyá wà lẹ́yìn orúkọ bẹ́ẹ̀, àti ọ̀pọ̀ ibojì kéékèèké. Rẹ̀mílẹ́kún lè má fẹ́ sọ ẹkún tí a fi òun rẹ̀. Bí ẹnì kan bá ní òun kò fẹ́ sọ̀rọ̀, kí a fi í sílẹ̀. Bí ó bá sì sọ ọ́, kí kíláàsì mọ̀ pé ẹrù ni ó gbé fún wọn, kì í ṣe ìtàn tí a ó lọ máa sọ lójà.

Bákan náà ni ti àwọn orúkọ Ifá, Ògún àti Ọ̀ṣun. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi Fábùnmi ṣe yẹ̀yẹ́, kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe fi Olúbùnmi ṣe ẹlẹ́yà pé ó ta orúkọ baba rẹ̀. Ẹni tí ó yí orúkọ padà ní ìdí tirẹ̀. Ẹni tí kò yí i padà náà ní ìdí tirẹ̀. Orúkọ tí olúwarẹ̀ bá yàn ni kí a pè é.

Kí a má sì ṣe fipá mú ìyàwó ilé dárúkọ ọkọ tàbí ìyá ọkọ rẹ̀ nínú kíláàsì, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n jọ jókòó níbẹ̀. “Bàbá àwọn ọmọ mi” tó lẹ́nu rẹ̀. Ẹlòmíràn yóò bá a sọ ìyókù.

Ní Ìkógòsì, omi gbígbóná àti omi tútù ń ṣàn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kí wọ́n tó pàdé, tí ẹni tí ó bá dúró níbẹ̀ sì lè fi ẹsẹ̀ kan sínú ọ̀kan, kí ó fi èkejì sínú èkejì. Ẹni tí kò bá tọ ipa wọn dé ìsun kò ní mọ̀ pé méjì ni wọ́n. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ará kíláàsì. Wọ́n ti pọ̀ di ọ̀kan lábẹ́ orúkọ Màmá, Bàbá, Bọ̀dá àti Àǹtí, èyí sì dára. Ṣùgbọ́n olúkúlùkù ni ó ní ìsun tirẹ̀, ilé tí a wò kí á tó sọ ọ́ lórúkọ, àti orúkọ tí ó ń retí láti gbọ́ kí ọjọ́ pósítà tó dé. Ọjọ́ Ìsinmi tí ń bọ̀ yìí kò jìnnà. Kí aṣáájú kíláàsì mú rẹ́jístà rẹ̀ dání, kí ó sì fi orúkọ ènìyàn méjì bẹ̀rẹ̀.